Ojú Ẹṣin Wú, A Wá Ìdí Rẹ̀ Dé Inú Ọpọ́n Oúnjẹ

Bí ojú ẹṣin bá wú ládùúgbò wa, abẹ́rẹ́ ni gbogbo ayé máa ń kọ́kọ́ pè. Ẹnìkan á ní oyin ló ta á, ẹnìkan á ní ẹṣin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ta á nípàá, ẹlòmíràn á ní ayé ló ń ṣe é. Kí ọ̀rọ̀ náà tó tutù, wọ́n ti gún un. Bẹ́ẹ̀ ohun tí ń mú ojú ẹṣin wú kì í ṣe ẹyọ kan, oògùn tó sì wo ọ̀kan lè ṣe ìkejì léṣe. Mo fẹ́ kọ bí a ṣe wá ìdí èyí tó dé bá Dúdúyẹmí, ẹṣin Bàámi, sílẹ̀, torí pé ojú la ti rí i, àmọ́ ojú kọ́ ni àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀pẹ́ la wà, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni Bàámi ti ń sin ẹṣin. Wọ́n máa ń wá yá wọn fún ìgbéyàwó àti ìwúyè, ṣùgbọ́n ibi tí ọkàn Bàámi wà gan-an ni Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, nígbà tí àwọn ìdílé Balógun bá ń gun ẹṣin lọ kí Awùjalẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ìyá tó bí Bàámi, àwọn ẹbí rẹ̀ ló sì máa ń gun ẹṣin wa lọ́jọ́ náà. Nígbà tí orókún Bàámi kò gbé e mọ́, ọwọ́ èmi ni ìtọ́jú wọn bọ́ sí, èmi àti Màlámù tó ti wà pẹ̀lú wa tipẹ́tipẹ́.

Màlámù ló kọ́kọ́ rí i. Ó ń fi ìjánu sí Dúdúyẹmí lẹ́nu láàárọ̀, awọ tó gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọjá kò dé ihò tó ti máa ń dé mọ́. Ó ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá wò ó, awọ yìí kò tó o mọ́.” Mo fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá ojú ẹṣin náà mú. Egungun gígùn kan wà tó yọ síta lábẹ́ ojú ẹṣin, tó sì sọ̀ kalẹ̀ síhà imú. Ẹnikẹ́ni tó bá ń fọ ojú ẹṣin lójoojúmọ́ ti mọ̀ ọ́n lọ́wọ́. Lójú Dúdúyẹmí, n kò rí etí egungun náà dì mú mọ́. Òkè rẹ̀ ti kún, ó ti yípo. Ó le gbagidi lábẹ́ awọ, kò gbóná, kò sì jọ pé ó ń dùn ún púpọ̀ bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Bí ọ̀tún ṣe rí ni òsì náà rí.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọkùnrin kan tó ń ta oògùn ẹranko ti dé pẹ̀lú abẹ́rẹ́ méjì, ọ̀kan fún kòkòrò àrùn, ìkejì èyí tí wọ́n fi ń mú ara wíwú fà. Bàámi ní kó dúró ná. Mo dúpẹ́ pé ó sọ bẹ́ẹ̀. Irú abẹ́rẹ́ tí ń mú ara fà yẹn máa ń dín agbára tí ara fi ń bá àrùn jà kù. Bó bá ṣe pé oówo ló wà lábẹ́ rẹ̀, oówo náà ló máa jàǹfààní rẹ̀.

Dókítà ẹranko tó wá lọ́jọ́ kejì kò tètè fọwọ́ kan ẹṣin. Ó kúnlẹ̀ kí Bàámi, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá léèrè. Ṣé lójijì ló wú ni àbí díẹ̀díẹ̀? Ẹ̀gbẹ́ kan ni àbí méjèèjì? Ṣé ó ń jẹun dáadáa? Ṣé ikun ń jáde nímú rẹ̀, bó bá sì ń jáde, ihò kan ni àbí méjèèjì? Ṣé ẹṣin àlejò wọ ọgbà yìí láìpẹ́? Ṣé garawa kan náà ni gbogbo wọn fi ń mumi? Mo kọ ìbéèrè náà sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n sì wà lára ògiri ilé ẹṣin wa di ìsinsìnyí, nítorí pé ìdáhùn wọn ló ń fi ọ̀nà tó yẹ ká gbà hàn.

Èyí tó bá wú lójijì, tó rọ̀, tó kan ojú méjèèjì, tí kókó kéékèèké sì ń yọ káàkiri ara, ó sábà máa ń jẹ́ pé kòkòrò kan ló ta ẹṣin náà tàbí pé ohun kan tó jẹ kò bá a lára mu. Ẹṣin tó dorí kodò jẹko látàárọ̀ lè wú lábẹ́ etí àti àgbọ̀n. Bí a bá fà á rìn díẹ̀ tó sì gbé orí sókè, á fà. Ọmọ ẹṣin ọdún 2 sí 4 lè ní kókó líle lábẹ́ àgbọ̀n torí eyín tó ń bọ̀, ìyẹn kì í ṣe àìsàn rárá. Ọ̀kan tí kò gba ìdúró ni ti ejò. Imú ni ẹṣin fi ń wádìí ohun tó bá wà nínú koríko, imú náà sì ni ejò sábà máa ń bù ṣán. Ẹṣin kò lè fi ẹnu mí bí ènìyàn ṣe ń ṣe. Bí imú rẹ̀ bá wú dí, èémí ti tán nìyẹn. Kí ẹ pe dókítà lójú ẹsẹ̀, òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń ti rọ́bà bọ ihò imú kó má bàa pa dé.

Bí ibà bá wà, tí kókó wú lábẹ́ àgbọ̀n, tí ọyún sì ń ti ihò imú méjèèjì jáde, ẹ ya ẹṣin náà sọ́tọ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ọwọ́ olùtọ́jú, garawa, ìjánu, aṣọ ìnura, gbogbo wọn ló ń gbé àrùn yẹn láti ara ẹṣin kan dé ara èkejì. Bàámi sọ fún dókítà nípa ọdún kan tó wọ ọgbà ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí ẹṣin kankan kò lè jáde níbẹ̀ fún Iléyá. Dókítà fi tẹmọ́mítà sí ìdí Dúdúyẹmí: 37.9. Ara ẹṣin àgbà tó dá ṣáká máa ń wà láàrin 37.5 sí 38.5, nítorí náà kò sí ibà. Abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ kò ní kókó, imú rẹ̀ gbẹ.

Lẹ́yìn náà ló wá fi àtàǹpàkò tẹ kòtò tó wà lókè ẹyinjú ẹṣin. Gbogbo ẹṣin ló ní kòtò yìí, ẹ ó sì rí i tó ń lọ sókè lọ sódò bó bá ń jẹun. Ó ní ibẹ̀ ni òun máa ń sáré wò bí wọ́n bá pe òun pé ojú ẹṣin wú, nítorí àìsàn ẹṣin ti ilẹ̀ Áfíríkà. Kantíkantí ló ń gbé àìsàn náà, èyí tí ń jáni láti ìrọ̀lẹ́ títí di àfẹ̀mọ́júmọ́, àwa tó wà létí ọ̀sà sì mọ bí wọ́n ṣe pọ̀ tó. Fáírọ́ọ̀sì ni, oríṣi rẹ̀ jẹ́ 9. Bó bá mú ọkàn ẹṣin, ibà á wà, ìpéǹpéjú á wú, kòtò òkè ojú yẹn á kún, á sì yọ síta. Nǹkan bí ìdajì àwọn tó bá mú lọ́nà bẹ́ẹ̀ ló ń kú. Èyí tó bá mú ẹ̀dọ̀fóró tún burú ju ìyẹn lọ, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹṣin yè é. Kò sí oògùn tó ń pa á, àjẹsára ni ààbò pàtàkì. Kí ojú ẹṣin wú, kí kòtò náà sì kún, ìjọba gbọ́dọ̀ gbọ́ sí i. Mo fi ìka tèmi náà kan ti Dúdúyẹmí. Ó jìn, kò sí omi kankan nínú rẹ̀.

Ó wá ku eyín. Eyín ni èyí tí mo ti fojú ara mi rí. Arẹ̀wà, abo ẹṣin kan tí a ní nígbà kan, ojú ọ̀tún rẹ̀ nìkan ló wú, ikun tó sì ń jáde ní ihò imú ọ̀tún ń rùn débi pé a ti máa ń gbóòórùn rẹ̀ kí a tó dé ẹnu ọ̀nà. Eyín tí ẹṣin àgbà fi ń lọ koríko jẹ́ 24, mẹ́fà lápá kọ̀ọ̀kan, lókè àti nísàlẹ̀. Gbòǹgbò àwọn tó wà lẹ́yìn lókè wọ inú ihò tó wà nínú egungun ojú. Bí gbòǹgbò eyín bá jẹrà, ọyún á kún inú ihò náà, imú ẹ̀gbẹ́ yẹn nìkan ló sì máa gbà jáde. Dókítà tó wo Arẹ̀wà nígbà náà fi ìka lu egungun ojú rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ti òsì dún bí àgbá òfìfo, ti ọ̀tún kò dún rárá. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti ń fún un tẹ́lẹ̀ á mú un fà díẹ̀, á tún wú padà, nítorí pé eyín tó jẹrà ṣì wà níbi tó wà. Ìgbà tí wọ́n yọ eyín náà, tí wọ́n sì ń fi omi iyọ̀ fọ ihò inú egungun, ni ojú rẹ̀ tó wálẹ̀.

Nítorí Arẹ̀wà, mo ti gbé ọwọ́ síwájú ihò imú Dúdúyẹmí kí dókítà tó dé. Èémí méjèèjì lágbára bákan náà, kò sí òórùn kankan. Dókítà fi irin ìlanu la ẹnu rẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó fọwọ́ wọlé. Kò rí eyín tó kán tàbí tó jẹrà. Ó pè mí kí n fi ìka kan ọ̀kan nínú wọn: eyín tó funfun, tó dúró gbọnrangandan, ṣùgbọ́n ó mì. Bẹ́ẹ̀ ni èkejì tó tẹ̀ lé e. Màlámù wá mú ohun kan tó ti ń ṣà nílẹ̀ ilé ẹṣin wá, koríko tí ẹṣin jẹ dé ààbọ̀ tó sì tu dànù, ó tutù, ó dì pọ̀.

Dókítà ní kí wọ́n fà á rìn. Ó ń tiro, ṣùgbọ́n kò jọ tiro ẹsẹ̀ kan pàtó. Màlámù ní, “Dókítà, lọ́jọ́sí ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú ni. Lánàá ti òsì ẹ̀yìn ni. Mo gbé gbogbo pátákò wò, n kò rí òkúta.” Dókítà yíjú sí Bàámi, ó bi í pé, “Bàbá, kí lẹ ń fún un jẹ?”

Yàrá oúnjẹ la bá ara wa. Tẹ́lẹ̀, ewé àti igi ẹ̀pà gbígbẹ tí wọ́n ń kó wá láti Òkè Ọya ni Bàámi fi ń bọ́ wọn. Owó ọkọ̀ sọ ọ́ di ohun tí apá kò ká mọ́. Èèrí wíìtì wá gba ipò rẹ̀, pẹ̀lú eèsún tí Màlámù ń gé létí àbàtà. Èèrí wíìtì wà lọ́dọ̀ gbogbo ẹni tó ń ta oúnjẹ adìyẹ, ẹṣin fẹ́ràn rẹ̀, ó ń mú wọn sanra, irun wọn sì ń dán. Ìyẹn gan-an ló ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣòroó rí. Ta ni yóò wo ẹṣin tí ara rẹ̀ ń dán báyẹn kó sì ní ebi ń pa egungun rẹ̀? Dókítà bu èèrí náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ibi tí ojú rẹ̀ ti ń wú rèé.”

Bó ṣe là á yé wa nìyí. Nínú kílò kan èèrí wíìtì, kalisíọ̀mù, èròjà tí ń mú egungun le, jẹ́ gíráàmù 1 àti díẹ̀, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, èròjà egungun mìíràn, sì lé ní gíráàmù 10. Ara ẹṣin ń fẹ́ kí kalisíọ̀mù pọ̀ ju fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì lọ, ó kéré tán kí wọ́n dọ́gba. Ẹṣin tó wọn kílò 500 tí kò ṣiṣẹ́ agbára nílò kalisíọ̀mù bíi gíráàmù 20 àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì bíi gíráàmù 14 lóòjọ́. Àwọn ẹṣin tiwa kò sì tó bẹ́ẹ̀ ní ìwọ̀n. Dúdúyẹmí ń jẹ kílò 3 èèrí lóòjọ́. Ẹ ṣírò rẹ̀: kalisíọ̀mù bíi gíráàmù 4, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó lé ní 30. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó pọ̀ tó báyìí kì í jẹ́ kí ìfun rí ìwọ̀nba kalisíọ̀mù tó wà gbà. Eèsún tún dá kún un, torí irú àwọn koríko ilẹ̀ olóoru bẹ́ẹ̀ ní ohun kan tó ń jẹ́ oxalate, tí ń di kalisíọ̀mù mú nínú ìfun títí tí yóò fi bá ìgbẹ́ jáde.

Kalisíọ̀mù kò sì gbọdọ̀ tán nínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn kò ní lè lù. Nítorí náà, àwọn ẹṣẹ́ kéékèèké tó wà lọ́rùn á máa tú ohun kan sínú ẹ̀jẹ̀ tí ń pàṣẹ fún egungun pé kó yọ̀ǹda tirẹ̀. Bí egungun bá ti ń yọ́, ara á máa fi ẹran líle tí kì í ṣe egungun dí àyè rẹ̀, èyí á sì gba àyè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Egungun ojú àti ti àgbọ̀n ló ń fi í hàn jù. Ìdí tí eyín fi ń mì nìyẹn, ìdí náà sì ni ìrora fi ń ti ẹsẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn. Ó ní láyé àtijọ́, ní ilẹ̀ Yúróòpù, àwọn ẹṣin ọlọ́lọ̀ ìyẹ̀fun ló máa ń ṣe, nítorí pé èèrí tó bá ṣẹ́ kù nídìí ọlọ ni wọ́n fi ń bọ́ wọn.

Bàámi ní kí wọ́n ṣì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Dókítà gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó ti sọ fún wa ṣáájú pé kalisíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ lè má sọ nǹkan kan. Àbájáde dé láti Èkó, kalisíọ̀mù pé pérépéré. Ọkùnrin olóògùn gbọ́, ó padà wá, ó ní ṣé òun kò wí, pé kò sí ohun tó ṣe egungun rẹ̀, kí a jẹ́ kí òun gún un. N kò gbà fún un. Ohun tí ara ẹṣin náà ń tìtorí rẹ̀ tú egungun palẹ̀ nìyẹn gan-an: kí ẹ̀jẹ̀ má ṣaláìní. Ẹ̀jẹ̀ ló máa gbọ́ gbẹ̀yìn. Ẹ́ksíréè pàápàá kì í tètè rí i, egungun gbọ́dọ̀ ti pàdánù bí ìdá 30 nínú 100 ohun tó mú un le kí àwòrán tó fi hàn. Nítorí náà, ẹni tó bá ń dúró de ìwé àyẹ̀wò kó tó gbà pé ohun kan ń ṣe ẹṣin rẹ̀, nígbà tí ojú le ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tí eyín ń mì, tí ẹsẹ̀ ń pààrọ̀ ìrora, tí àpò èèrí sì wà ní igun yàrá, ẹṣin náà ló ń fìyà jẹ.

Mo lọ sí ìsọ̀ tí a ti ń ra oúnjẹ. Ìyá tó ni ìsọ̀ náà gbọ́ pé egungun ni, ó ní, “Ọmọ mi, egungun lílọ̀ ni kóo rà.”

“Ẹ ṣeun mà. Dókítà ní láìmsítóònù ni.”

“Èyí tí adìyẹ ń jẹ kí èèpo ẹyin rẹ̀ lè nípọn? Fún ẹṣin?”

“Bẹ́ẹ̀ ni mà. Egungun lílọ̀ ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tirẹ̀ nínú, ti ẹṣin wa ti pọ̀ jù tẹ́lẹ̀.”

Ó wọ̀n ọ́n fún mi, ó sì ní kí n padà wá sọ bó bá ṣe jẹ́. Láìmsítóònù tí wọ́n lọ̀ kúnná fún oúnjẹ ẹran ni mo ń sọ o. Kí ẹnikẹ́ni má lọ ra láìmù tí wọ́n ń sun nínú iná, ìyẹn ń jóni lẹ́nu. Gíráàmù 100 láìmsítóònù ní kalisíọ̀mù tó lé ní gíráàmù 35, òun sì ni dókítà ní kí a máa fún Dúdúyẹmí lóòjọ́. Kò dùn lẹ́nu, ẹṣin á fẹ́ oúnjẹ kúrò lára rẹ̀ bó bá gbẹ, ìyẹ̀fun náà á sì wà nísàlẹ̀ ọpọ́n. Màlámù máa ń fi omi rin oúnjẹ náà, á pò ó títí tí láìmsítóònù á fi lẹ̀ mọ́ ọn. A kò yọ èèrí kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ la fi dín in kù, torí pé àyípadà oúnjẹ lójijì lè mú inú ẹṣin run, inú rírun sì ń pa ẹṣin. Bàámi ta àgùntàn méjì fi ra igi ẹ̀pà.

Dókítà ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gùn ún. Egungun tó ti rọ̀ lè kán níbi tí kò sí ewu, iṣan sì lè já kúrò lára egungun. Iléyá sún mọ́lé nígbà náà. Wọ́n ti rán aṣọ tí wọ́n máa fi bo Dúdúyẹmí, wọ́n ti kun gàárì rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Bàámi kan pè láti Ìjẹ̀bú-Òde pé kí a ṣáà jẹ́ kó rìn dé iwájú ààfin, pé kì í ṣe eré ìje. Bàámi dá a lóhùn pé ẹṣin tí eyín ń mì lẹ́nu rẹ̀ kò ní gbé àgbàlagbà lọ kí Ọba. Ẹṣin mìíràn ló lọ lọ́dún náà. Bàámi kò lọ, ilé ẹṣin ló jókòó sí lọ́jọ́ náà, mo sì mọ̀ pé ó dùn ún wọra.

Tiro náà ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni koríko àjẹtu bẹ̀rẹ̀ sí í dín nílẹ̀. Ojú rẹ̀ ti dín díẹ̀, kò tíì padà sí bó ṣe wà, dókítà sì ti sọ pé ó ṣeé ṣe kó má padà tán láé. Ó ń jẹun, ó ń sáré nínú ọgbà, eyín rẹ̀ ti dúró.

Lọ́jọ́ tí dókítà kọ́kọ́ wá, kó tó lọ, ó fọwọ́ kan ojú gbogbo ẹṣin tó kù, torí pé inú ọpọ́n kan náà ni wọ́n ti ń jẹ. Abo ẹṣin wa tó ń fún ọmọ lọ́mú ni ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ lára jù. Ojú rẹ̀ kò wú, ṣùgbọ́n etí egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í nípọn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Kalisíọ̀mù tó ń bá wàrà lọ ló jẹ́ kí tirẹ̀ yára, ọmọ tó ń dàgbà náà sì ń fẹ́ tirẹ̀. Láìmsítóònù wà nínú oúnjẹ gbogbo wọn báyìí, èèrí kò ju ìkúùkù kan lọ fún ẹṣin kan, ìyẹn sì jẹ́ nítorí kí wọ́n lè jẹ láìmsítóònù náà. Igi ẹ̀pà ṣì wọ́n. Èmi àti àwọn ọlọ́ṣin méjì mìíràn ní Ẹ̀pẹ́ ń dá owó ọkọ̀ jọ láti kó o wá lẹ́ẹ̀kan náà, a sì ń wá ẹni tó máa bá wa ṣe é láti Ìkòròdú.